Ẹni Tó Na Ọwọ́

Lọ́jọ́ tí eré ọdún 1889 parí nílùú Wheeling, èéfín ilé ìṣó, níbi tí wọ́n ti ń fi iná rọ ìṣó, bo pápá béèsìbọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Àwọn èrò, tí wọ́n dé fìlà dúdú, ti ń bú Con Heffernan kí ó tó dé ipò rẹ̀.

“Con! Ṣé epo lo fi fọwọ́ ni?”

Con lọ dúró sípò rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi eré yìí jẹun, tó ń fi ọwọ́ lásán ṣọ́ àárín ibùsọ̀ kejì sí ìkẹta, lára àwọn ibi mẹ́rin tí olùsáré ń yí ká kó tó gba àmì. Ìka rẹ̀ ti kán títí, ó rí wọ́kuwọ̀ku bí atalẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá fọwọ́ kàn tó sì bọ́, akọ̀wé pápá á kọ ọ́ ní àṣìṣe. Èyí tí ènìyàn ò lé rárá, wọn kì í kọ ọ́ síni lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí orúkọ Ned Quill, tó ń ṣọ́ ibùsọ̀ kẹta pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ aláwọ tuntun, fi mọ́ bí àwo. Kì í lé ohun tó bá jìnnà.

Láàárọ̀ ni ọ̀gá wọn, Gus Ritter, ti pe Con sẹ́yìn.

“Ọ̀gbẹ́ni Heffernan, àwọn olówó ẹgbẹ́ ti sọ̀rọ̀. Àṣìṣe kan péré lónìí, iṣẹ́ rẹ parí. Wọ ìbọ̀wọ́, jọ̀ọ́.”

“Ọ̀gá, òtútù ni wọ́n ń wọ ìbọ̀wọ́ fún.”

“Olórí kunkun! Ilé ìṣó tó pa bàbá rẹ lo fẹ́ padà sí?”

Nígbà tí eré kù díẹ̀, àmì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ Con fi ń borí. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àlejò wà ní ibùsọ̀ kejì, ó ti múra eré sísá.

“Àgbà, bó bá jìnnà, jẹ́ kó lọ,” Quill sọ wẹ́lẹ́. “Ta ló máa bi ọ́?”

Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Ó jìnnà. Ó ti rẹ Con, ṣùgbọ́n ó fò, ó na ọwọ́. Bọ́ọ̀lù bà á níka, egungun ró, bọ́ọ̀lù sì já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀. Ẹni tó ń sáré dúró ní ibùsọ̀ kẹta, kò lè wọlé gba àmì. Èyí tó gbá tẹ̀ lé e gbá a sókè, wọ́n hán an. Eré parí, wọ́n borí.

Ritter wá bá a níbi tó ti ń fi aṣọ di ìka.

“Ìwọ lo gbà wá là, Con.”

“Mo mọ̀.”

“Wọ́n ti kọ àṣìṣe náà.”

“Mo mọ ìyẹn náà, ọ̀gá. Ẹ kú iṣẹ́.”

Kò pẹ́ tí ìbọ̀wọ́ fi dé ọwọ́ gbogbo wọn, tí àwọn èrò sì gbàgbé pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mú bọ́ọ̀lù rí. Àṣìṣe náà ti lé Con kúrò nínú ẹgbẹ́, ilé ìṣó náà sì fún un ní ìbọ̀wọ́ lọ́jọ́ tó wọṣẹ́ níbẹ̀. Kò jiyàn. Ìka méjì ni kò wọ inú rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ gé ibẹ̀, ó sì lọ dúró sídìí iná.