Ère Kẹjọ ní Kotobabi

Ère méje ló wà nínú ilé ìjọsìn kékeré tó wà lọ́gbà ilé-ìwé Kátólíìkì kan ní Kotobabi, nílùú Accra. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 2014, mẹ́jọ ni aṣọ bò. Ẹni mẹ́ta ló kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iye kan náà ni wọ́n sì bá. Ọ̀kan ti kú nínú wọn. Àwọn méjì tó kù kò yí ohùn padà di òní, kò sì sí èyí tó jèrè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Adédùntán, tíṣà kíláàsì kẹrin, ló kọ́kọ́ rí i. Òun náà ló rán àwọn aṣọ ọ̀hún. Lọ́dọọdún, bí àwẹ̀ Lẹ́ńtì bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì kó parí, wọ́n máa ń fi aṣọ àlùkò bo gbogbo ère. Wọn kì í sì í ṣí i títí orin Ògo yóò fi dún ní ìṣọ́ Àjíǹde. Ó ra aṣọ ní ọjà Odawna, ó gé e sí méje, ó ṣẹ́ etí rẹ̀. Òwú àlùkò tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá fi funfun parí iṣẹ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun àti Bàbá Olútóyè, ọmọ Ìkirè tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn náà, bo ère méjèèje. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n lọ sílé.

Ìkẹjọ wà ní igun ọwọ́ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí Fádà ti máa ń múra. Kò dúró lórí nǹkan kan. Ilẹ̀ ló wà. Gíga rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ.

"Bàbá, ta ló gbé èyí wá?"

Bàbá Olútóyè gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ìka kà wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Ó tún wọn kà.

"Ìyá Iyì, ìwọ lò ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Èwo ló ń tẹ̀lé méje?"

"Ẹ má bá mi ṣeré, Bàbá. Aṣọ méje ni mo rán."

"Aṣọ rẹ mà nìyẹn." Ó tọ́ka sísàlẹ̀. "Wo òwú."

Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Òwú funfun ni. Ọwọ́ ìránṣọ rẹ̀ sì ni, bó ṣe máa ń wọ́ díẹ̀ sápá ọ̀tún.

Sísítà Abena, ọ̀gá ilé-ìwé, wá. Òun náà kà á. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹnì kan ló fi ta wá lọ́rẹ. Fádà á mọ̀. Ó wà ní Tema, ó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́. Ọjọ́bọ̀ ló ń bọ̀."

"Sísítà, ẹ jẹ́ kí n ṣí i wò díẹ̀."

"Ei! Ẹ̀yin Alata, ẹ̀yin ará Nàìjíríà! Ẹ ò lè rí ẹrù kẹ́ ẹ má tú u wò." Ojú rẹ̀ wá le. "Mádáámù, orin Ògo kò tíì dún. Ìgbọràn là ń kọ́ àwọn ọmọ níbí. Ṣé tíṣà ló máa kọ́kọ́ rú òfin?"

Adédùntán fi í sílẹ̀. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá nílé-ìwé náà. Kò tíì rí ẹni tó ṣí aṣọ ère kí àkókò tó tó.

Ní Ọjọ́rú, lọ́sàn-án gangan, gbogbo ilé-ìwé wọlé fún àdúrà Ọ̀nà Àgbélébùú. Iná ti lọ láti àárọ̀. Fáànù kò yí. Òógùn ń kán sórí ìwé orin. Iyìolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí Adédùntán bí, tó ń kàwé ní kíláàsì rẹ̀, wà ní ìpẹ̀kun ìjókòó kẹta, níbi igun ọwọ́ òsì.

"Ẹ jẹ́ ká kúnlẹ̀," ni Sísítà wí.

Wọ́n kúnlẹ̀. Adédùntán gbójú sókè díẹ̀. Ìkẹjọ ti kúrú. Aṣọ rẹ̀ ká jọ sórí sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ jẹ́ ká dìde."

Wọ́n dìde. Etí aṣọ náà kúrò nílẹ̀, ó ga bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ibùdó mẹ́rìnlá ni wọ́n dúró sí lọ́jọ́ náà. Ìgbà mẹ́rìnlá ló ṣẹlẹ̀. Kò sí ìró. Kò sí ẹsẹ̀ lábẹ́ aṣọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Iyìolúwa kò fọwọ́ kan oúnjẹ kẹ́nkẹ́ rẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé o fẹ́ gbààwẹ̀ ju Fádà lọ ni?"

"Mọ́mì, ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ta ni?"

"Ẹni inú aṣọ yẹn. Ó ní kí n wá dúró fún òun díẹ̀, kí òun lọ ṣeré."

Adédùntán rọra gbé abọ́ kalẹ̀.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní màá kọ́kọ́ bi yín."

"O ò gbọdọ̀ lọ. Ṣó o gbọ́? O ò gbọdọ̀ dé igun yẹn mọ́ láéláé."

"Tí Sísítà bá rán mi níbẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá rẹ̀ ti abọ́ náà padà síwájú rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Adédùntán mú ọmọ náà jókòó síwájú ní kíláàsì, níbi tí ojú òun yóò ti máa tó o. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, fóònù rẹ̀ dún. Fádà ni. Ó bọ́ síta kó lè gbọ́ ọ dáadáa, ó sì bi í ẹni tó fún wọn ní ère kẹjọ.

"Ère wo, Mádáámù? N kò gba ère lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Nígbà tó padà wọlé, àga iwájú ti ṣófo.

"Iyìolúwa dà?"

"Sísítà gba ẹnu ọ̀nà kejì wá, Mádáámù. Wọ́n ní kó lọ kó ìwé orin sílé ìjọsìn."

Ó sáré. Bàtà rẹ̀ kan bọ́ lójú ọ̀nà, kò dúró mú un.

Ìwé orin wà lórí ìjókòó àkọ́kọ́, wọ́n tò ó dáadáa. Kò sí ẹnikẹ́ni. Láti ọ̀nà jíjìn, ó ń gbọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì, wọ́n ń ka ìlọ́po mẹ́ta. Ó lọ tààrà sí igun ọwọ́ òsì. Ó gbọ́wọ́ lé orí ìkẹjọ.

Ó gbóná.

Irun kékeré tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ ló wà lábẹ́ aṣọ. Ó tọwọ́ bọ̀ sísàlẹ̀. Etí ni. Lábẹ́ etí náà, ó kan àpá tó wú díẹ̀, níbi tí etí fèrèsé ti ṣá Iyìolúwa nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Èémí mú aṣọ tutù mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Ó di etí aṣọ náà mú.

"Mọ́mì."

Láti ẹnu ọ̀nà ni. Ó yíjú. Iyìolúwa dúró níbẹ̀ nínú aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ má ṣí i, Mọ́mì. Orin Ògo kò tíì dún."

Nígbà tí Adédùntán yíjú padà, aṣọ nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wúwo rárá. Sìmẹ́ǹtì igun náà gbẹ.

Ó sáré lọ di ọmọ náà mú. Ó wo abẹ́ etí rẹ̀. Àpá náà wà níbẹ̀. Ó bi í ní orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́. Ó bi í ní orúkọ àdúgbò tí wọ́n bí i sí, kò ṣì í.

"Ṣé mo lè lọ ṣeré báyìí?" ni ọmọ náà bi í.

Bàbá Olútóyè sun aṣọ náà lẹ́yìn ilé ìdáná lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà. Òun ló kú, ní ọdún 2017. Ní ìṣọ́ Àjíǹde, ère méje ni wọ́n ṣí. Dókítà méjì yẹ ọmọ náà wò, wọn kò rí àìsàn kankan. Sísítà Abena ti lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé òun kò gba ẹnu ọ̀nà kejì wọ kíláàsì kẹrin lọ́jọ́ náà, òun kò sì rán ọmọ kankan níṣẹ́.

Adédùntán fi iṣẹ́ sílẹ̀. Tema ni òun àti ọmọ náà ń gbé báyìí. Ọmọ ọ̀hún yege ìdánwò girama, ó sì ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò fún ìyá rẹ̀ ní ìyọnu rí.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ìyá náà ń wọ ọkọ̀ èrò tòrótòró wá sí Kotobabi. Wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn ilé ìjọsìn fún un. Yóò kúnlẹ̀ ní igun ọwọ́ òsì, yóò rọra pe Iyìolúwa lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì dúró fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Títí di oṣù tó kọjá, kò tíì gbọ́ èsì.