Ẹni Tó Kí Àwọn Ará Ìsàlẹ̀

Iṣẹ́ ìtumọ̀ èdè ni mò ń ṣe. Ohun tí ẹlòmíràn bá sọ ni mo máa ń tún sọ. N kì í fi kún un, n kì í sì í yọ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú iyàrá mi ní Mowe, ní ọdún 2004, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan tí oòrùn mú ganrínganrín. Ẹni méjì mìíràn wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá bi wọ́n, ohun kan náà ni wọn yóò sọ fún yín.

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó tà á fún mi kò pa eré kan tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Eré náà kò ní àwòrán. Kò ní ohùn. Létà ni gbogbo rẹ̀, létà funfun lórí ojú dúdú. Ìwọ tí ò ń ta á, bí ẹni ń ta ayò, ni àmì tí a máa ń fi sáàárín àdírẹ́sì ímeèlì, létà “a” tí òrùka yí ká. Ilé ńlá kan wà lábẹ́ ilẹ̀. Ìwọ yóò máa rìn nínú rẹ̀, láti iyàrá dé iyàrá, láti ìpele kan dé èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn létà yòókù ni ẹ̀dá tó ń gbé ibẹ̀: eku, ejò, òmìrán.

Èmi kì í sábà bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ojú máa ń tì mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé mi, tó sì bèèrè eré yẹn, mo lè bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Òfin mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún ẹni tuntun. Ẹ̀mí kan ṣoṣo lo ní. Bí o bá kú, ó parí, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lo ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Ilé náà kì í rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ìgbà tí o bá wọ̀ ọ́ ni ó ń tún ara rẹ̀ kọ́.

Ẹ̀kẹta ni kí ẹ fi sọ́kàn. Bí o kò bá gbé ẹsẹ̀, ohunkóhun níbẹ̀ kò ní gbé ẹsẹ̀. Ejò lè dúró níwájú rẹ. Lọ jẹun. Lọ sùn. Bí o bá padà dé ní ọ̀la, ibi tí o fi í sí ni wàá bá a. Bọ́tìnnì tí o bá tẹ̀ ni ó ń fún un láyè láti rìn.

Sùlèímọ́nù, wẹ́dà tó ṣe ọ̀pọ̀ géètì onírin tó wà ládùúgbò wa, ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ti kú ní ìgbà mọ́kàndínlógójì. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé mo máa ń kọ ikú kọ̀ọ̀kan sínú ìwé pélébé kan.

“Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tún ti kú.”

“Kí ló pa ẹ́?”

“Òmìrán ìpele kẹta náà ni. Ó ti wá mọ ojú mi.”

“O máa ń sáré jù. O kì í wo inú iyàrá kí o tó kó sínú rẹ̀.”

“Ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó ńkọ́? Ṣebí ìpele keje lẹ̀yin náà ń kú sí.”

Òótọ́ ló sọ. Odidi ọdún méjì ni mo ti ń ta eré náà, n kò kọjá ìpele keje rí.

Oṣù márùn-ún ṣáájú ọjọ́ tí mò ń wí ni Tòún aránṣọ, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Ìgbòho. Àbẹ̀bí ni orúkọ màmá náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, ó jáde láti lọ kí àwọn aládùúgbò. Ó dúró níwájú géètì kọ̀ọ̀kan, ó sì ké àgò bí wọ́n ti ń ké e nílé wọn: “Àgò onílé o.” Ẹni tó wà nínú ilé ló yẹ kó dáhùn pé, “Àgò yà.” Ìgbà náà ni àlejò tó lè wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ké e. Bí kò bá sí ìdáhùn, àlejò yóò padà.

Géètì ga. Jẹnẹrétọ̀ ń ké. Ajá gbó. Kò sí ẹni tó dáhùn.

Ó dé ẹnu géètì tèmi. Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo gbọ́ ọ. Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, kálámù wà lọ́wọ́ mi, mò ń retí kí ó lọ. N kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ojú ló ń tì mí. Ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, Màmá Àbẹ̀bí kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí mò ń wí yìí, èyí àkọ́kọ́ nínú oṣù, ni Tòún pè mí lórí fóònù pé òun wà lẹ́nu géètì mi. Òun àti ìyá rẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Àpò aṣọ ńlá kan wà lórí rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá Ògúnlàdé, ẹ bá mi wo Màmá. Aṣọ àwọn akọrin ìjọ wa ni mo fẹ́ gbé lọ sí Kám̀pù, ibi àdúrà. Ẹ mọ̀ pé ìṣọ́ òru ni lónìí. N ó ti dé kó tó di aago méje.”

“Kò burú.”

Kò dìde. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Bọ̀dá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní bí Màmá ò bá tíì sọ̀rọ̀, àwọn á mú wọn lọ síbi tí wọ́n ń gbé àwọn tí orí wọn ò pé sí. Wọ́n ti bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí Màmá bá ti wọbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á tún jáde.”

“Kí ni dókítà sọ?”

“Wọ́n ní ọ̀fun wọn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní bóyá Màmá ò rí ẹni dá wọn lóhùn ni.”

Mo wo bàtà mi.

Nígbà tí Tòún lọ, àdúgbò dákẹ́. Gbogbo wọn ti lọ sí Kám̀pù. Jẹnẹrétọ̀ kò ké. Ajá kò gbó. Sùlèímọ́nù nìkan ló wọlé, tó ń bọ̀ láti ìrun Jímọ́ọ̀, tòun ti ẹ̀pà nínú ìwé ìròyìn. Ó kí Màmá. Màmá mi orí. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì kú ikú ogójì.

Màmá ń wò ó. Ó na ìka sí bọ́tìnnì.

“Màmá, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ kú ni?” Sùlèímọ́nù ní.

Màmá wò ó títí ó fi dìde fún un.

Mo sọ òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fi bọ́tìnnì mẹ́rin tí a fi ń rìn hàn án. Ó tẹ ọ̀kan. Ó dúró, ó rò ó. Ó tẹ òmíràn. Bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú òkùnkùn ni ó ṣe ń lọ, títí ó fi dé ẹnu ìlẹ̀kùn kan tó wà ní títì.

“Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ lọ, Màmá,” Sùlèímọ́nù ní. “Á ṣí fúnra ẹ̀.”

Màmá gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ó gbé e lé itan. Ó tún ìró rẹ̀ ṣe. Fáànù ń yí lókè. Kò sí ariwo mìíràn.

“Àgò onílé o.”

Ohùn náà gbẹ. Ó kéré. Sùlèímọ́nù kò jẹ ẹ̀pà mọ́.

Ó wù mí láti dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi, ó sì jókòó síbẹ̀.

“Àgò o.”

Mo ka ìkejì. Mo mọ̀ pé bí ìkẹta bá lọ láìní ìdáhùn, yóò padà, n kò sì mọ ibi tí yóò padà sí.

“Àgò onílé o.”

Ìlẹ̀kùn náà ṣí.

Mo wo ọwọ́ Màmá. Ó wà lórí itan rẹ̀. Mo wo ọwọ́ Sùlèímọ́nù. Ẹ̀pà ló kún inú rẹ̀. Ọwọ́ tèmi wà lẹ́yìn mi.

“Ọ̀gá,” Sùlèímọ́nù sọ wúyẹ́wúyẹ́, “ta ló tẹ̀ ẹ́?”

“Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́.”

Létà O ńlá kan dúró sínú iyàrá náà.

“Òun nìyẹn,” Sùlèímọ́nù ní. “Òun ló ń pa mí.”

Létà náà gbé ẹsẹ̀ kan. Kò sí ẹni tó tẹ bọ́tìnnì. Ó gbé ìkejì. Ó lọ dúró ti ògiri, ó yà lọ́nà fún àmì Màmá.

“Ẹ kúulé o,” Màmá wí. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì kọjá. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí mi. “Ta nìyẹn?”

“Òmìrán ni, Mà.”

“Ó rí rìbìtì. Bí bàbá Tòún ṣe rí nìyẹn kó tó kú.”

Sùlèímọ́nù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀pà dà sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, síbẹ̀ èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Báyìí ni ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ìlẹ̀kùn ni ó ń ké àgò sí. Gbogbo ìlẹ̀kùn ni ó ń ṣí. Ejò kò bù ú ṣán. Ó kí eku, ó bi wọ́n léèrè ọmọ. Ìpele keje dé, ibi tí mo máa ń kú sí, ó sì gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara rẹ̀ kọjá. Ẹ̀kẹjọ. Ẹ̀kẹsàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn n kò kà á mọ́.

Nísàlẹ̀ pátápátá ni a ti dé iyàrá kan tó fẹ̀ ju ojú kọ̀ǹpútà lọ. Àwọn létà tò ti ògiri yíká. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló ṣófo láàárín wọn. Màmá rìn dé ibẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

“Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé.”

Wọ́n mì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó sì gbé e padà sẹ́yìn, láti apá òsì dé apá ọ̀tún, bí ìgbà tí ènìyàn bá kúnlẹ̀ tó sì dìde.

Màmá fi etí sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo ti sọ fún yín pé eré náà kò ní ohùn. Ó mi orí. Ó ní, “Ẹn-ẹn.” Ó tún mi orí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìborùn nu ojú.

“Kí ni wọ́n wí, Màmá?” Sùlèímọ́nù bèèrè.

“Wọ́n ní ó pẹ́ tí ẹnì kan ti kí àwọn kẹ́yìn. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó ń wá, idà ló ń mú wá. Wọ́n mọ̀ ẹ́. Wọ́n ní ìwọ lo máa ń sáré.”

“Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Mà.”

“Mo ti bẹ̀ wọ́n.” Ó yíjú sí mi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Wọ́n ní ìwọ máa ń wà nílé, o kì í dáhùn.”

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé mo wà nílé lọ́jọ́ náà.

Mo dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, Mà. Mo gbọ́ yín. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo gbọ́ yín.”

“Dìde,” ó ní. “Bu omi wá. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí ọ̀fun mi ti gbẹ.”

Nígbà tí mo gbé omi dé, iṣẹ́ tí mò ń túmọ̀ ló ti wà lójú kọ̀ǹpútà. Eré náà ti lọ. Sùlèímọ́nù ní òun kò fọwọ́ kan ohunkóhun.

Kò tíì tó aago méje nígbà tí a gbọ́ ẹsẹ̀ Tòún lẹ́nu géètì. Kí ó tó tẹ fóònù ni Màmá ti ké láti inú ilé pé, “Àgò yà. Tòún, kí ló dé tí o pẹ́ tó báyìí?” Nígbà tí mo ṣí géètì, orí ilẹ̀ ni mo ti bá a, ó jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Tòún dé lọ́jọ́ Àìkú. Màmá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. “Ìwọ lo fẹ́ gbé mi lọ. Ṣé o ti jẹun?” Ó jẹun, ó sì padà lọ ní òun nìkan.

Gbogbo géètì tí Sùlèímọ́nù bá ṣe láti ìgbà náà ló máa ń ní fèrèsé kékeré kan níbi tí ẹnu ènìyàn dé. Òun náà ń ké àgò nínú eré báyìí. Òmìrán ṣì ń pa á. Màmá ní kì í ké e bí ẹni tó lè dúró gba èsì.

Ó ku ohun kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán Ọjọ́rú, mo ṣí eré náà. Àmì mi dúró nínú iyàrá àkọ́kọ́. Ìlẹ̀kùn wà ní títì. N kò tíì tẹ bọ́tìnnì kankan. Mò ń gbọ́ ohùn Màmá láti ilé kejì, tó ń bá Tòún jiyàn lórí iyọ̀.

“Àgò onílé o.”

Mo wo ojú fèrèsé. Kò sí ẹnì kan lẹ́nu géètì.

“Àgò o.”

Kì í ṣe ohùn ọkùnrin. Kì í ṣe ohùn obìnrin. Ó jẹ́jẹ́, ó sì ń ṣọ́ra, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ náà. Láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni ó ti ń bọ̀. Kọ́tìnnì wà nítòsí mi. Mo lè dúró sẹ́yìn rẹ̀. Yóò ké e lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò sì lọ.

Mo fa àga kejì sún mọ́ tábìlì. Mo fi ọwọ́ nu eruku orí rẹ̀.

“Àgò onílé o.”

“Àgò yà,” mo ní.

Ìlẹ̀kùn náà ṣí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ tí àga kejì dún, bí àga ti í dún nígbà tí ènìyàn bá jókòó sórí rẹ̀.

Mo dìde, mo lọ bu omi.