Ìlà Tó Wà Lójú Ewé Kọkànlélógójì

Ẹni mẹ́ta lọ̀rọ̀ yìí kàn: Onígègé tó kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, ọ̀gá wa obìnrin tó gba iṣẹ́ rẹ̀, àti èmi tí mo ṣe ìrísí rẹ̀. N kò gba iwin gbọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo kọ ọ́ yìí, n kò fi iyọ̀ sí i.

Ìwé ìlò ni, èyí tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lo yàrá atutù ńlá kan. Inú fáìlì XML ni Onígègé kọ ọ̀rọ̀ sí, láìní àwọ̀, láìní ọ̀ṣọ́. Fáìlì tèmi ló ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kí àkọlé tóbi, kí ìkìlọ̀ pọ́n, kí orí tuntun bẹ̀rẹ̀ lójú ewé tuntun. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ìwé á jáde. Aṣọ ni tèmi, kì í ṣe ara.

Oṣù mẹ́fà ìdánwò mi lẹ́nu iṣẹ́ ń parí lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ìwé náà bá jáde láìlábàwọ́n, iṣẹ́ di tèmi.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, mo pa á pọ̀. Lójú ewé kọkànlélógójì, nínú àpótí pupa, mo rí i:

Ẹ má tíì tilẹ̀kùn. Mo ṣì wà nínú.

Mo pe Onígègé. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi iṣẹ́ ṣeré.”

Onígègé wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Àbúrò, ìwé ìlò ni mo kọ. Mi ò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni.”

Ọ̀rọ̀ kì í já bọ́ látojú ọ̀run. Mo wá a nínú fáìlì rẹ̀. Kò sí. Mo wá a nínú tèmi. Kò sí. Mo tún ìwé pa pọ̀. Ó wà níbẹ̀.

Ó sú mi. Mo sọ àwọ̀ ìkìlọ̀ di búlúù. Ó di búlúù. Mo dín lẹ́tà kù, ó kéré. Mo pàṣẹ pé kí ìkìlọ̀ kankan má hàn. Gbogbo ìyókù pòórá, òun nìkan ló jókòó. Ó ń gba gbogbo àṣẹ mi, àfi kó kúrò. Irú agídí wo nìyí?

Fáànù dákẹ́. Iná kò sì lọ.

Ọ̀gá wọlé. “Ṣé ìwé ni mo ní kí o ṣe, àbí àlọ́?”

“Mà, mi ò mọ ibi tó ti ń wá.”

“Ṣé mo bi ọ́ níbi tó ti wá? Kùn ún ní funfun. Ta ló máa rí i?”

Mo kùn ún ní funfun. Ewé mọ́ tónítóní. Ọ̀gá lọ.

Ṣùgbọ́n àlàfo tí ìlà náà fi sílẹ̀ ti gùn sí i. Mo fi máòsì wọ́ ojú rẹ̀ kọjá, àwọn lẹ́tà funfun sì yọ:

Ẹ má tíì tilẹ̀kùn. Mo ṣì wà nínú. Ẹ ti rí mi.

Ọwọ́ mi kúrò lórí máòsì.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n ṣe?”

Onígègé yíjú sí mi. “Ṣé ìkìlọ̀ ni, àbí kì í ṣe ìkìlọ̀?”

“Ìkìlọ̀ ni.”

“Àwọ̀ wo ni o ní kí ìkìlọ̀ máa ní?”

Mo pa àṣẹ funfun náà rẹ́. Mo dá pupa àti gbogbo ìkìlọ̀ yòókù padà. Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí oníbàárà tó ni yàrá atutù náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, oníbàárà pe ọ̀gá. Kò bínú. Ọjọ́ tí ìlà náà kọ́kọ́ jáde nìkan ló béèrè. Ọ̀gá sọ fún un pé Ọjọ́rú ni. Oníbàárà ní Ọjọ́rú náà ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn yàrá atutù wọn pa, ó sì pa fóònù. A pè é títí, kò gbé e mọ́.

Bí ọ̀gá ṣe pàdánù oníbàárà rẹ̀ nìyẹn. Kí aago mẹ́rin tó lù, èmi náà ti pàdánù iṣẹ́ mi.