Wáyà Kẹsàn-án

"Ẹni mélòó ló máa lò ó nínú ilé yìí, Mama?"

"Mẹ́sàn-án."

"Yàrá mẹ́jọ ni mo kà o."

"Yàrá lo kà, Mikáílù. Èèyàn ni mo kà. Wò ó, o tiẹ̀ tín-ín-rín ju wáyà tí ò ń fà lọ. Ṣé o ti jẹun?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún yàrá kà. Mẹ́jọ ni. Wáyà mẹ́jọ náà ni mo fà.

Ohun tí ojú mi rí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni mò ń sọ. N kò bù mọ́ ọn. Ibi tí kò yé mi, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Iṣẹ́ ara mi ni mò ń ṣe: mò ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì sílé onílé. N kò ní ọ̀gá, n kò ní ọmọ iṣẹ́. Mo máa ń lẹ téèpù funfun mọ́ ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan, màá kọ M àti nọ́ńbà sí i, kí ẹlòmíràn má baà sọ pé òun ló ṣe é.

Àdúgbò Bẹ́yẹrúnkà ni agboolé Ìyá Àṣàkẹ́, tí mò ń pè ní Mama, wà. Ní agogo mẹ́rin, Mutmainnah, ọmọ-ọmọ wọn, fẹ́ bá àwọn tó ń fúnni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lókè òkun sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni nẹ́tíwọ̀kì fóònù ti já mọ́ ọmọ náà lẹ́nu. Àwọn yẹn ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ni ìkẹyìn.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Mo ṣí àpótí kékeré tí gbogbo wáyà já sí. Iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kà wọ́n.

Mẹ́sàn-án.

Ìkẹsàn-án dúdú, ó ti gbó, òwú alántakùn wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n téèpù ìdí rẹ̀ funfun. M9. Mo fọwọ́ kàn án. Yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Mo tẹ̀ lé e. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì wọ inú sàárè Bàbá Sàkáríyà, ọkọ Ìyá, tó ti di olóògbé láti ọdún mọ́kànlá. Sìmẹ́ńtì sàárè náà dán. Kò sí ihò. Kò sí ibi tó sán.

Ìyá jókòó tì í, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Pà. Pà. Pà.

"Mama, ta ló fa èyí?"

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

"Hẹn-ẹn."

"Ó lè da gbogbo rẹ̀ rú. Ẹ jẹ́ kí n gé e."

Ọwọ́ wọn dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Wáyà tẹlifóònù ni bàbá fi gbogbo ayé wọn fà. Wọn kò fiṣẹ́ sílẹ̀ láìparí rí. Jẹ́ kí ọmọ parí ná."

Mo ki àlùmọ́gàjí bọ àpò.

Ní agogo mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, wọ́n mú iná lọ. Fáànù dúró. Bátìrì tó yẹ kí n gbé wá fún àpótí náà, mo ti gbàgbé rẹ̀ sílé. Mo sáré dé ìdí àpótí.

Iná mẹ́jọ ti kú. Ẹyọ kan ń ṣẹ́jú, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń mí.

Wáyà kẹta ni ti yàrá Mutmainnah. Iná rẹ̀ ti kú. Síbẹ̀ mò ń gbọ́ ohùn ọmọ náà, ó ń dáhùn ìbéèrè. Òyìnbó kan rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Wọ́n ń pe ìrun Alásàrí nígbà tó jáde.

"Wọ́n mú mi! Bùọ̀dá Mikáílù, kò já rárá!" Ó wo fáànù tó dúró lókè. "Háà, ìgbà wo ni wọ́n mú iná lọ?"

Mo wo àpótí. Ìkẹsàn-án ti kú.

Mo kó irinṣẹ́ mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí Ìyá tó pè mí. Wọn kò gbójú sókè kúrò lórí ẹ̀gúsí.

"Mikáílù, jẹ́ kí ààyè kan ṣófo fún mi nínú àpótí yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá. Mutmainnah ṣì láwọn àbúrò."