Lẹ́tà Ẹlẹ́sẹ̀

“Má fà á, Ọ̀gá Kékeré. Jẹ́ kí n gbẹ́ ẹ tán.”

Ọmọ náà fẹ́ gba lẹ́tà onígi kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó gbẹ́ ẹsẹ̀ lẹ́tà náà tán. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, bó ṣe máa ń gbọ̀n láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Pẹ́ńsùlù kì í dúró nínú rẹ̀. Bí a bá to lẹ́tà onípáálí síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ọwọ́ náà á gbá gbogbo rẹ̀ dànù.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, káfíńtà, tó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ẹnjiníà ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é, nítorí pé kò sí rédíò tó bàjẹ́ tí kò ní tú wò. Pé kó tò ó padà, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ohun tó ṣe kò lọ́jú pọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ igi pẹlẹbẹ kékeré tó ní ẹsẹ̀ kan lábẹ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní pátákó tirẹ̀: àwòrán lókè, ihò nísàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti wọ ihò, ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè gbá lẹ́tà náà ṣubú mọ́. Kí ọmọ má bàa ṣì í, ó gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti “i” rí roboto, ti “g” ní igun mẹ́rin, ti “b” ní igun mẹ́ta. Lẹ́tà tí kò bá tọ́ kò ní wọlé. Lójú tirẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà.

Bàbá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. “Ẹnjiníà, ṣé èyí ò ní tú ká bíi rédíò mi?”

“Bàbá, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ rédíò yẹn.”

Ọ̀gá Kékeré ti lo ọdún méjì láàárín àwọn ọmọ kéékèèké. Olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún ìyá wọn pé bó bá lè to ọ̀rọ̀ márùn-ún níwájú òun lọ́jọ́ Ẹtì, yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí kíláàsì kejì. Bí kò bá lè tò ó, ó di ọdún mìíràn.

“Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba,” ni ìyá wọn wí. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un lọ́wọ́ bó ti ń sọ ọ́.

Pátákó náà ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi ń to igi, ilé, bàtà, bí ẹni ń mu omi.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ọ̀rẹ́ Ẹnjiníà kan wá wòran. Agogo ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ọ̀gá Kékeré ń to bàtà, ẹyẹ tó wà lójú fèrèsé ló sì ń wò. Kò wo lẹ́tà kankan. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá abẹ́ igi kiri, ó ń tọ́ ọ wò, ó ń tì í sí ihò.

Ẹnjiníà mú “b”, ó fọwọ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sókè. “Èwo lèyí?”

Ọmọ náà nawọ́. “Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, Àǹtí.”

“Rárá, ojú ni kó o fi wò ó.”

Ó wo lẹ́tà náà. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Mi ò rí ẹsẹ̀ ẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà rú Ẹnjiníà lójú. Ọmọ tó ń to ọ̀rọ̀ márùn-ún láìṣì, báwo ni kò ṣe mọ “b”? Àbí ó mọ̀ ọ́n, tó kàn ń ṣeré? Ta ló tilẹ̀ ń to ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ ni àbí ihò?

Agogo bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ náà fẹ́ràn wàhálà. Ṣé wọ́n ní kó fojú tò ó ni, àbí wọ́n ní kó tò ó?”

“Ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n.”

“Ta ni yóò sọ? Èmi?”

“Ìwọ Agogo?”

“Ó dáa, màá gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́. Jẹ́ kọ́mọ bá ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, jàre.”

Ẹnjiníà rántí ìka ìyá rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ gún. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ náà to ọ̀rọ̀ márààrún. Olùkọ́ pàtẹ́wọ́. Ìyá wọn sunkún. Bàbá wọn gbé e lé èjìká, ó yí ṣọ́ọ̀bù ká. Gbogbo wọn ń yin Ẹnjiníà. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì lè sọ pé ó bàjẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ mú àbúrò rẹ̀ ní kíláàsì tuntun. Ó dúró lójú fèrèsé. Olùkọ́ ibẹ̀ ti fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà onípáálí, ó ní kí wọ́n gbé “b” sókè. Ọwọ́ gbogbo wọn ti wà lókè. Ọ̀gá Kékeré ń dojú páálí dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀.

“Kí lò ń wá níbẹ̀?” ni ọmọ kan bi í.

“Ẹsẹ̀.”

“Páálí tún ń rìn ni?” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Lójú ọ̀nà, ọmọ náà ní, “Àǹtí, ṣé lẹ́tà tiwọn yàtọ̀ sí tiwa ni?”

Ẹnjiníà gba àpò ìwé rẹ̀ gbé.

“Ṣebí mo mọ̀ ọ́n? Gbogbo yín pàtẹ́wọ́ fún mi.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹnjiníà lọ bá olùkọ́ tó dán àbúrò rẹ̀ wò. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà. “Mo ti mọ̀ láti Ọjọ́bọ̀, mà.”

“O mọ̀, o sì jẹ́ kí n pàtẹ́wọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ọmọ náà á padà sẹ́yìn. Ìwọ ni wàá sọ fún un.”

Ó sọ fún un. Ó sọ fún ìyá wọn náà. Ìyá kò bínú, ìyẹn ló sì burú jù. “Èmi rò pé akólòlò ti pe baba,” ló wí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Bàbá ní, “Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. O fún ọmọ lọ́wọ́, o gba ojú rẹ̀.” Ó na ayùn sí i.

Ẹnjiníà gé gbogbo ẹsẹ̀ náà, ó kan òmíràn. Gbogbo wọn di roboto, ihò náà di roboto. Báyìí, lẹ́tà yòówù lè wọ ihò yòówù.

Ọ̀gá Kékeré to igi. Ó di “gii”. Ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mirí. Ọmọ náà gbá pátákó dànù, ó sì pẹ́ kó tó tún fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó padà sídìí rẹ̀, “gii” náà ló tún tò. Kò pàtẹ́wọ́. Ó wo àwòrán, ó wo lẹ́tà. Ó yọ “g”, ó yọ “i” tó tẹ̀lé e, ó pààrọ̀ wọn.

“Àǹtí, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí, àbí mo tún ti bà á jẹ́?”

“Kí lojú rẹ sọ?”

Ó tún wò ó, ó pẹ́. “Ó ní igi ni.”

Ìrànlọ́wọ́ tí kò fún èèyàn láyè láti ṣì í, kò fún un láyè láti mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá sì rú ni lójú, ṣe là ń bèèrè rẹ̀. A kì í fi ìdákẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹnjiníà kọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ló fi ọdún kan san án.

Àwọn ẹsẹ̀ tó gé wà nínú agolo lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù: roboto, onígun mẹ́rin, onígun mẹ́ta.