Ohun Tí Dókítà Ò Lè Sọ

Ìgbà tí dókítà máa kọ́kọ́ rí káfíńtà, ó ti tú ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ìfági fá etí ilẹ̀kùn náà, èérún igi sì ti bo irùngbọ̀n rẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń pariwo ilẹ̀kùn yìí," dókítà wí. "Òfin ní ohun tí aláìsàn bá bá mi sọ, àárín èmi àti ẹ̀ ni. Àmọ́ gbogbo ará orí bẹ́ǹṣì ló ń gbọ́ ọ!"

"Ẹ má bínú, Dókítà. Tí mo bá ṣe é tán, eṣinṣin pàápàá ò ní gbọ́ ọ."

Ó sì ṣe é dáadáa. Síbẹ̀, ìgbà mẹ́rin ló padà wá yẹ̀ ẹ́ wò, títí dókítà fi bi í pé, "Ṣé ilẹ̀kùn yìí lẹ fẹ́ fẹ́ ni?"

"Rárá o, ẹni tó ń tì í ni."

Kó tó pé ọdún, wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí náà ì bá ti sinmi.

Ìyá káfíńtà wá gbàyẹ̀wò lọ́dọ̀ dókítà. Kókó wà lọ́mú màmá, ó sì ń dàgbà. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kàn, kíákíá. Màmá ní ó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó, oṣù márùn-ún sí i.

"O ò sì gbọdọ̀ sọ fún ọmọ mi. Á ní ká sún ọjọ́ síwájú. Ṣebí òfin yín ni?"

Òfin ni lóòótọ́. Òfin kan náà ló ní aláìsàn tó gbọ́ àlàyé, tó sì kọ̀, ẹnikẹ́ni ò lè fipá là á. Dókítà bẹ̀ ẹ́ títí, ó tì. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe? Tí kò bá sí ìgbéyàwó, màmá ò ní rí ohun tí yóò máa dúró dè. Ló bá lọ bá káfíńtà pé kí wọ́n dá ìgbéyàwó dúró ná.

"Kí ló dé?"

"Mi ò lè sọ."

"Ọkùnrin mìíràn ni?"

"Rárá, ọkọ mi."

"Kí wá ni?"

"Mo ní mi ò lè sọ!"

Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, dókítà ò sì gbọdọ̀ ka ẹyọ kan síta. Káfíńtà fi ìbínú jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò pè, kò yà. Dókítà ń sunkún, ó ń bú òfin, ó sì ń pa á mọ́. Màmá náà tún kó ariwo wá.

"Ta ló ní kó o dá ìgbéyàwó dúró?"

"Ẹ ní kí n má sọ̀rọ̀, Mà. Mi ò sọ̀rọ̀. Àmọ́ mi ò lè fi ẹ̀mí yín ṣègbéyàwó."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni màmá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀, ó jókòó sórí pákó, ó fẹnu ara rẹ̀ tú gbogbo àṣírí náà. Inú bí káfíńtà sí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bí i sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ màmá, dókítà wá jókòó ti káfíńtà níta yàrá iṣẹ́ abẹ, kò wọ aṣọ funfun.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ṣe é ni?"

"Mo ti gbé fáìlì fún ẹlẹgbẹ́ mi. Kò yẹ kí n máa la ẹbí mi."

"Ẹbí rẹ? Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo sọ? Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Orí kunkun rẹ jọ ti màmá. Mo ti dárí ji ẹ̀yin méjèèjì."

Nọ́ọ̀sì jáde, ìwé ìfọwọ́sí màmá wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Dókítà, ẹ má bínú, òfin ni. Ẹni tí màmá bá kọ síbí nìkan la lè bá sọ̀rọ̀." Ó kà á: "'Ọmọ mi ọkùnrin, àti ìyàwó ẹ̀.'"

Káfíńtà di dókítà lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ dìde.

"Àwa nìyẹn."

"Ẹ máa bọ̀ o," nọ́ọ̀sì wí. "Màmá ti jí, wọ́n sì ti ń fi ọjọ́ ìgbéyàwó yọ wá lẹ́nu."