Bẹ̀mí-Bẹ̀mí àti Omi Iyọ̀

Gbogbo akọrin ti dìde, ìwé orin ti wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n orin kò bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń dúró dè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi kọ́," ni ọmọdébìnrin náà wí, ó dorí kodò. "Èmi kò tó bẹ́ẹ̀."

Ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn. Àṣà rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti ní kí ó dá orin kọ, á ní òun kò tó. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, á tún kọ̀. Ìgbà tí ẹ̀bẹ̀ bá sú gbogbo wọn ni á tó yọ síwájú bí ẹni tí wọ́n di ẹrù rù. Orin náà á wá dùn débi pé inú á tún bí àwọn tó bẹ̀ ẹ́. Bẹ̀mí-Bẹ̀mí ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Òun gbà pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ṣebí Jésù ló ní kí ènìyàn lọ jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn? Kò rò ó pé láti ìjókòó ẹ̀yìn náà, ojú ọ̀nà ni òun máa ń wò, bóyá wọ́n ti ń bọ̀ wá pe òun síwájú.

Lọ́jọ́ yìí, ọ̀gá akọrin kò bẹ̀bẹ̀. Iṣẹ́ páìpù ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ló ti ń rá pálá lábẹ́ ilé onílé, ẹ̀yìn sì ń dùn ún.

"O ní o kò tó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa, mo gbà ọ́ gbọ́." Ó yíjú sí ọmọbìnrin tínrín kan tí wọ́n ń pè ní Péléńgé. "Ìwọ ńkọ́?"

"Màá gbìyànjú, sà," ni Péléńgé wí.

Ọ̀rọ̀ parí. Bẹ̀mí-Bẹ̀mí ti la ẹnu fún kíkọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò sì sí ẹni tó béèrè. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ìyá àgbà rẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn lọ́jọ́ Ìsinmi, torí Bẹ̀mí-Bẹ̀mí fúnra rẹ̀ ti sọ fún un lórí fóònù pé òun ni òun máa dá orin náà kọ.

Nígbà tí wọ́n túká, ó lọ bá ọ̀gá akọrin pé òun ti wá gbà báyìí. Ọkùnrin náà nu ojú rẹ̀. Ó ní bí afẹ́fẹ́ bá há sínú páìpù, omi á kún táǹkì, síbẹ̀ ẹnu ẹ̀rọ á kàn máa mí lásán ni. Ojú kò rí afẹ́fẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó ti gba ààyè omi.

"Péléńgé ló máa kọ ọ́," ló wí. "Ìwọ, di ohùn ìsàlẹ̀ mú fún un níbi ègbè. Orí rẹ̀ ló máa dúró lé."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Péléńgé bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ègbè dé, ẹnu Bẹ̀mí-Bẹ̀mí ń lọ, ohùn kò jáde. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Péléńgé wá ohùn ìsàlẹ̀ tì, bí ẹni tó fẹ́ tẹ àtẹ̀gùn tí kò sì bá a níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ yẹ̀, ti àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ó sì di dandan kí wọ́n dá orin dúró lójú gbogbo ìjọ, kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Péléńgé sunkún títí ìsìn fi parí.

Nílé, ìyá àgbà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ọ̀fun ló ń dùn mí, mà."

Ìyá àgbà kò jiyàn. Ó gbé omi kaná, ó da iyọ̀ sí i, ó ní kí ó fi fọ ọ̀fun. Nígbà tó ṣe é tán, ìyá àgbà ní kí ó tún un ṣe. Omijé ti dà pọ̀ mọ́ omi iyọ̀ kí ife mìíràn tó tún dé.

"Ìyá àgbà, ọ̀fun ò dùn mí. Inú ló ń bí mi."

"Mo mọ̀. Mo ń dúró kí o sọ ọ́ ni. Iyọ̀ ilé yín ti fẹ́ tán."

Ó gbọ́ gbogbo ìtàn náà tán, ó sì fọwọ́ lérán. "Ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ rẹ sú èèyàn. Ọlọ́run fún ọ lóhùn, o ní o ò ní in: irọ́ nìyẹn. Wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, o bínú: ìgbéraga nìyẹn. Ibo wá ni ìrẹ̀lẹ̀ wà níbẹ̀? Jésù bu omi, ó wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ òun. Ojú àwo làwo fi ń gba ọbẹ̀. N kò tíì rí àwo tó dojú délẹ̀ pé òun kò tó."

Ní ìrọ̀lẹ́, Bẹ̀mí-Bẹ̀mí dá lọ sílé Péléńgé, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ba orin náà jẹ́ ni, kí ó má bínú.

"Mo ti gbọ́," ni Péléńgé wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Péléńgé tún orin náà kọ. Ìyá àgbà ti padà sílé rẹ̀, kò gbọ́ ọ. Bẹ̀mí-Bẹ̀mí di ohùn ìsàlẹ̀ mú gírígírí, kò sì sí ẹni tó wo ibi tó wà, àfi Péléńgé tó mirí sí i pé ó dára nígbà tí ègbè parí.

Ó pẹ́ kí ọ̀gá akọrin tó tún pe Bẹ̀mí-Bẹ̀mí. "Ìwọ, ṣé wàá dá èyí kọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi kò..." Ó gbé ìyókù mì. "Màá kọ ọ́, sà. Ẹ ṣé."

Àwọn tó ti múra ẹ̀bẹ̀ wo ara wọn. Ohun tó ti wá yé ọmọdébìnrin náà ni pé ìrẹ̀lẹ̀ Kristẹni kì í ṣe kí ènìyàn sẹ́ ẹ̀bùn rẹ̀: bí wọ́n bá pè é, kí ó jẹ́, bí wọn kò bá pè é, kí ó fi gbé ẹlòmíràn ró.

Ọ̀gá akọrin ṣí ìwé orin. "Afẹ́fẹ́ ti kúrò nínú páìpù, omi ti dé," ló wí. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọrin."